504 píkọ́ọ̀pù tàbí Hilux àtijọ́: èwo ni kí ẹ kówó àtúnṣe lé?

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni mẹ́ta ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àtijọ́, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un tò, kí wọ́n kùn ún, kí ó rí bí ìgbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà àti Omù-Àrán, ọkọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń já sí: Peugeot 504 àti Hilux àtijọ́. Ọdún kan náà, 1968, ni ayé kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ méjèèjì. Mo ti ní méjèèjì rí. 504 mi ṣì wà níwájú ilé ní Tánkẹ́. Hilux ti lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo sì ka gbogbo àléébù rẹ̀ fún ẹni náà kó tó sanwó.

N kò ní í sọ bí ẹ́ńjìnnì wọn ṣe lágbára tó tàbí iye ẹrù tí wọ́n ń gbé. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń gbọ́n owó lápò ẹni ni mo fẹ́ ká jọ wò, ìpẹtà ló sì ṣáájú gbogbo wọn.

Ìpẹtà

Ọdún 1991 ni wọ́n ṣe Hilux tí mo rà. Ẹni tó tà á fún mi ní láti Bẹ́líjíọ̀mù ló ti wọlé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀,” ló wí, mo sì bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ náà dúdú, ó ń dán, kóótà tuntun ni wọ́n fi kùn ún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó lè tọ́jú abẹ́ ọkọ̀ tó báyìí, ó dájú pé ó ti tọ́jú òkè rẹ̀.

Òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pànẹ́ẹ̀lì bítà na ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà, pẹ́ńtà kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo rán ìjókòó rẹ̀ ní aláwọ̀ ilẹ̀, mo ra ríìmù. Oṣù méje ló gbà mí. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn tí a parí rẹ̀, mo lọ fi kó ànàmọ́ ní Ọ̀fà, àpò mẹ́rìnlá péré. A kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo, kò sí nǹkan kan. Bí a ṣe dé iwájú NCAM, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìdófìàn, mo gbọ́ “gbàú” lẹ́yìn mi, mo ṣe bí táyà ló bẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ibi ìjókòó awakọ̀ àti àpótí ẹrù, tó yẹ kó dọ́gba, ti yanu nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ sì ti fẹnu kora. Ṣáàsì, egungun tí gbogbo ọkọ̀ náà jókòó lé, ti ya lápá òsì.

A fi ọkọ̀ míràn kó ànàmọ́ lọ, a wọ́ Hilux dé ọ̀dọ̀ bàbá wẹ́dà kan ní Gánmọ̀. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀. Ó mú hámà, ó ń kan ṣáàsì náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú. Ó ń dún kọ̀n-ọ̀n, kọ̀n-ọ̀n. Ó dé ẹ̀yìn ibi ìjókòó, ìró rẹ̀ yí padà, ó ń dún bọ̀ bọ̀ bí ẹni ń lu páálí. Ó ha kóótà náà, abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ bébà ìpẹtà tí a lè fi ìka ṣí. “Ọmọ mi,” ló wí, “inú ló ti jẹ ẹ́ wá síta.”

Ohun tó fà á rèé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì mọ́ ọn. Táyà á ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ibi lára ṣáàsì Hilux ló dà bí àpótí gígùn tó ní ihò lára. Omi àti ẹrẹ̀ á gba ihò wọlé, wọn kò ní í rí ọ̀nà jáde, wọn kò sì ní í gbẹ. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, irin náà ń jẹ ara rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹni tó bá wá fi kóótà bo ìta rẹ̀ ní ọjọ́ tó fẹ́ tà á ti di ibi tí ojú ì bá ti ríran pa.

Ìtàn 504 yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kaduna ti ń to 504 jọ láti 1975, ó sì ṣì ń tò ó lẹ́yìn ọdún 2000. Púpọ̀ nínú èyí tó wà lójú títì wa kò dé ilẹ̀ oníyìnyín rí láyé rẹ̀. Nílé níbí ni wọ́n ti tò ó, nílé níbí ló dàgbà sí. Ẹ béèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ jù: èyí tó gba Jẹ́bà wá láti òkè Ọya sábà máa ń gbẹ nísàlẹ̀, èyí tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Èkó, lẹ́bàá òkun, ẹ fara balẹ̀ wò ó.

504 náà ń dípẹtà, mi ò ní í pa irọ́ fún yín. Àmọ́ ìpẹtà rẹ̀ kì í sá pamọ́. Ẹ ó rí i lára fẹ́ńdà ní àyíká iná iwájú, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lára irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ń ti jáàkì bọ̀ ọ́, àti ní ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ rọ́ọ̀gì awakọ̀. Nígbà tí mo ká rọ́ọ̀gì ti èmi, mo rí ilẹ̀ tí mo dúró lé. Pànẹ́ẹ̀lì bítà gé ibẹ̀ kúrò, ó fi páànù tuntun jó o, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà, láti ìgbà náà a kò tún padà síbẹ̀. Ibi méjì péré ló yẹ kó lé yín sá: orí ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú dúró lé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti ibi tí irin ẹ̀yìn ti so mọ́ ibi ìjókòó. 504 kò ní ṣáàsì tó dá dúró bí ti Hilux. Iwájú jẹ́ ara kan náà pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n jó irin mọ́. Bí ibi méjèèjì yìí bá ti rà, ẹ kí ẹni tó ń tà á, kí ẹ máa lọ.

Mo fẹ́ sọ ti bí a ṣe tún ṣáàsì náà ṣe, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀. Wẹ́dà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún, kì í ṣe bàbá ti Gánmọ̀, gé irin onígun mẹ́rin, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ya, ó jó o lóòró tààrà láti òkè ṣáàsì dé ìsàlẹ̀. Ó dán, ó sì wuni. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó tún ya ní ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó náà gan-an. Iná ìjó ti sọ irin ibẹ̀ di gbígbẹ, gbogbo ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà sì ń parí sórí ìlà kan ṣoṣo. Mo padà sí Gánmọ̀. Bàbá náà gé gbogbo ibi tó ti rà kúrò títí tó fi dé irin tó le, ó wá lẹ irin tó nípọn bí ti ṣáàsì náà mọ́ ọn, ó sì gé orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó bí ẹnu ẹja, kí ìjó náà lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀. Kò jó òkè àti ìsàlẹ̀ ṣáàsì náà ní ìbú. Kó tó tan iná, ó ní kí rewáyà tú bátìrì àti ọ̀tánétọ̀ kúrò. Lẹ́yìn rẹ̀, ó rọ kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì tí a pò mọ́ gírísì sí inú àpótí ṣáàsì náà gba ihò rẹ̀, nítorí iná ti jó ọ̀dà inú ibẹ̀ tán.

Kó tó ṣe gbogbo èyí, a ní láti gbé àpótí ẹrù kúrò, ká tú páìpù bíréèkì, ká tú wáyà iná ẹ̀yìn. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí mo ti sanwó rẹ̀ ha ní ibi mẹ́fà. Owó wẹ́dà méjèèjì àti ti pẹ́ńtà lẹ́ẹ̀kejì ju ìdajì owó tí mo fi ra ọkọ̀ náà lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ wo Hilux, ẹ mú hámà kékeré, sùkúrúdíráfà àti tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ kan ṣáàsì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ máa tẹ́tí sí ìró. Ẹ fi sùkúrúdíráfà gún un lẹ́yìn ibi ìjókòó, lókè ibi tí ìdí ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀) wà, àti níbi tí orí lífù sípíríǹgì ti so mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí kóótà tuntun, ẹ tọrọ àyè kí ẹ ha ibi mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó bá kọ̀ ti dá yín lóhùn. Fún bọ́dì ọkọ̀ méjèèjì, ẹ tú òòfà inú sípíkà rédíò àtijọ́, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ máa fi kan ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, bọ́dì fílà ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin.

Ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì 504 oníbẹntiróòlù, ìbáà jẹ́ 1.8 tàbí 2.0, síléèfù inú rẹ̀, páìpù irin tí písítìnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, ṣeé fà yọ. Èyí wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe: ẹ ó ra písítìnì àti síléèfù tuntun pa pọ̀, mẹkáníìkì yín á rọ̀ wọ́n sínú búlọ́ọ̀kù náà lábẹ́ igi máńgòrò níbẹ̀. Ti Hilux 22R, tó jẹ́ 2.4, ẹ ní láti gbé búlọ́ọ̀kù lọ bọ́ọ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ ihò písítìnì rẹ̀, kí ẹ sì gbàdúrà pé ọwọ́ ẹni tó ń bọ́ọ̀ ọ́ dára. Ṣéènì táímìnì 22R náà ní ike tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Tí ike náà bá ti fọ́, ṣéènì á máa jẹ ìdérí rẹ̀, omi á sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ẹ bá gbọ́ gbàràgbàrà níwájú ẹ́ńjìnnì ní òwúrọ̀, òun nìyẹn.

Ti 504, ẹ má fi omi lásán sí rádíétọ̀. Omi ń kan síléèfù náà lára tààrà, ó ń bá a dípẹtà, ríìngì tó wà ní ìdí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kúláǹtì ni kí ẹ rà, bó ti wù kó wọ́n tó.

Epo: àwọn méjèèjì ń mu ún, láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo sì ni kò ti sí ẹni tó lè gbójú fo ìyẹn. Ẹni tó bá rí 504 onídíísù tó ṣì dúró dáadáa, kí ó má jẹ́ kó bọ́.

Sípíà páàtì

Ti ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí ti àwọn méjèèjì. Ti bọ́dì ni wàhálà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà àti iná iwájú 504 sálúùnù ń bá píkọ́ọ̀pù rẹ̀ mu, sálúùnù tó ti kú sì pọ̀ lẹ́yìn ilé àwọn mẹkáníìkì. Dáṣíbọ́ọ̀dù Hilux tí kò là, oṣù mẹ́rin ni mo fi wá a.

Ọ̀ṣọ́

Ríìmù, iná, ìjókòó, ohun tó bá wù yín ni. Mo kàn ń bẹ̀ yín pé kí bíréèkì ṣáájú ríìmù, kí abẹ́ ọkọ̀ sì ṣáájú ọ̀dà. Eyaà kóńdíṣọ̀n rọrùn láti fi sí Hilux ju 504 lọ, oòrùn Ìlọrin ní oṣù kẹta kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ṣeré.

Ìwé ọkọ̀

Nọ́ńbà ṣáàsì gbọ́dọ̀ bá ìwé mu, kó sì hàn kedere. Bí ẹ bá yí àwọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì padà, ẹ lọ tún ìwé ṣe kí ẹ tó gbé e jáde.

Èwo wá ni?

Hilux ní ọlá tirẹ̀. Ó ga nílẹ̀, ọ̀nà oko ìhà Ṣàrẹ́ nígbà òjò kò tó o, ìdarí rẹ̀ fúyẹ́, ibi ìjókòó àti àpótí ẹrù rẹ̀ sì ṣeé tú kúrò lórí ṣáàsì pátápátá, tí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ ní àṣepé á lè kun gbogbo irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí èyí tí ṣáàsì rẹ̀ dún kọ̀n-ọ̀n láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí ẹrù wúwo sì ni iṣẹ́ yín lójoojúmọ́, ẹ rà á. Nínú mọ́kànlá tí mo ti bá àwọn ènìyàn lọ wò láti ìgbà náà, méjì ló dún bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó ń fi owó oṣù tún ọkọ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, tó fẹ́ mọ ohun tó rà ní ọjọ́ tó rà á, 504 ni mo máa ń mú un lọ wò. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tan án títí ẹ ó fi dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó ká rọ́ọ̀gì awakọ̀.