Efínrín gbígbẹ inú ọ̀rá: èwo ló tó owó rẹ̀?

Ẹni tó ń gbé ní London, Manchester tàbí Houston mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èèyàn ń rí efínrín tútù rà. Ohun tó sábà máa ń wà ní ilé ìtajà oúnjẹ ilẹ̀ wa, yálà ní Peckham tàbí ní Ridley Road ní Dalston, ni odidi ewé tí wọ́n ti gbẹ, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, àti èyí tí wọ́n dì sínú fíríísà. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀: odidi ewé gbígbẹ tó owó rẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó dé inú ìkòkò. Èyí tó ti inú fíríísà wá ló sún mọ́ tútù jù lọ. Èyí tí wọ́n lọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà, àfi fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a máa dárúkọ.

Inú òróró kan tó wà nínú àwọn àpò kéékèèké lára ewé ni òórùn efínrín ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ewé tí a kò tíì fọwọ́ rún kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sánsán, ṣùgbọ́n tí a bá ti rún un, gbogbo ilé á mọ̀. Nínú òróró yìí ni thymol wà, ohun kan náà tó fún táìmù lóòórùn, àti eugenol tó wà nínú kànáfùrù. Wọn kì í pọ̀ bákan náà nínú gbogbo efínrín, ìyẹn ló fà á tí ti ibì kan fi máa ń sún mọ́ táìmù, tí ti ibòmíràn sì ń rùn bíi kànáfùrù. Iná tètè máa ń lé òróró náà lọ. Oòrùn náà ń lé e lọ. Nítorí náà, efínrín tí wọ́n sá sójú oòrùn gangan ti pàdánù púpọ̀ kó tó wọ inú ọ̀rá, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí wọ́n gbẹ lábẹ́ òjìji ṣì máa ń ní àwọ̀ ewé, bó tilẹ̀ ṣú díẹ̀.

Tí ẹ bá mú ọ̀rá náà lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n gíráàmù tí wọ́n kọ sí i, ẹ má wo bí ọ̀rá ṣe tóbi tó. Ewé gbígbẹ fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì máa ń fi kún ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí igi rẹ̀ bá pọ̀ ju ewé lọ, igi lẹ ń sanwó fún, igi kò sì ní òórùn tó ewé. Bí iyanrìn bá gbá jọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ẹ dá a padà. Ẹ wo etí ewé náà pẹ̀lú: etí efínrín rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, igi rẹ̀ sì ní igun mẹ́rin, kò rí róbótó. Bí etí ewé bá dán, tí ewé fẹ̀ nídìí tó sì ṣẹ́nu ṣóńṣó, tó sì ń ta èèyàn lẹ́nu bí ata, uziza (ewé ìyèré) ni, kì í ṣe efínrín, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sára ọ̀rá. Ìdí pàtàkì tí odidi ewé fi dára ju lílọ̀ lọ nìyí, nítorí ojú lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Nílé, ẹ fi ìka rún ewé méjì kí ẹ sì gbé e sí imú. Bí òórùn bá jáde lójú ẹsẹ̀, ó dára. Bí ẹ bá ní láti fún un mọ́ra kí ẹ tó gbọ́ nǹkan kan, ó ti pẹ́ jù. Bí òórùn ohun tó ti bu ló jáde, ewé náà kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í, kí ẹ dà á nù.

Ibi sísè gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba efínrín gbígbẹ jẹ́, tí wọ́n á wá máa sọ pé ọjà náà ni kò dára. Wọ́n ń lò ó bíi tútù. Efínrín tútù, ìgbà tí a bá fẹ́ sọ ìkòkò kalẹ̀ là ń já a sí i. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbígbẹ, á léfòó sójú ọbẹ̀, á le lẹ́nu, òórùn rẹ̀ á sì dúró sínú ewé. Ohun tó gbẹ nílò omi àti àsìkò kó tó tú òórùn rẹ̀ sílẹ̀.

Fún pẹ́pẹ́ súùpù ẹran ewúrẹ́ kílò kan pẹ̀lú nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ omi, ṣíbí tíì méjì efínrín gbígbẹ ti tó. Ẹ ṣa igi inú rẹ̀ kúrò, ẹ gbọ̀n ọ́n nínú ajọ̀ kí iyanrìn jábọ́, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rún un. Ẹ rẹ ẹ́ sínú ṣíbí ìjẹun méjì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹran ti rọ̀ kí ẹ tó da ewé àti omi rẹ̀ sí i, ẹ rọra dà á kí iyanrìn tó bá ṣẹ́kù jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ẹ dé ìkòkò, ẹ dín iná kù, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá. Ìdérí yẹn ṣe pàtàkì gan-an: òórùn tó bá jáde sí yàrá ìdáná kò sí nínú ọbẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tí kò ta sánsán tó, ẹ má ṣe da ṣíbí mẹ́ta mìíràn sí i. Ìkorò ewé kì í bá òórùn rẹ̀ lọ. Ewé tó ti pẹ́ á kan sọ ọbẹ̀ di kíkorò, á sì mú kó dúdú.

Ìrẹsì ìbílẹ̀ tí a fi epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ sè ni efínrín gbígbẹ bá mu jù lọ. Fún ìrẹsì agolo mílíìkì mẹ́ta, ṣíbí tíì kan ààbọ̀ tó, kí ẹ sì rò ó pọ̀ nígbà tí omi díẹ̀ ṣì kù nínú ìkòkò, kí ooru lè rọ̀ ọ́. Fún ẹyin díndín, ìdajì ṣíbí tíì sí ẹyin mẹ́rin. Ẹ pò ó mọ́ ẹyin kí ẹ tó gbé e kaná, ẹ jẹ́ kó rẹ fún ìgbà díẹ̀. Bí ewé gbígbẹ bá fẹnu kan òróró gbígbóná ní tààrà, á jóná, á sì korò. Ọbẹ̀ ẹja tútù kò gbà á dáadáa, torí ẹja ti jinná kí ewé tó rọ̀, àfi tí ẹ bá rẹ ẹ́ pẹ́. Ẹ̀fọ́ rírò tí efínrín fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ kò ṣeé fi gbígbẹ sè rárá.

Èyí tí wọ́n lọ̀ ńkọ́? Gbogbo àpò òróró ara ewé ni wọ́n ti fọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, nítorí náà òórùn rẹ̀ tètè ń lọ, ojú kò sì lè sọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Kìkì ibi tó ti wúlò ni kí a fi pa adìyẹ tàbí ẹran lára pẹ̀lú iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó yan án.

Efínrín inú fíríísà la fara mọ́ jù lọ. Ewé rẹ̀ máa ń dúdú, kì í sì í ṣe àrùn, bí ó bá ti yọ́ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe yọ́ ọ kí ẹ tó lò ó. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ láti ara dídì rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ gbígbóná ní ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó sọ ìkòkò kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi tútù. Ọ̀rá tó ti di òkúta kan ṣoṣo, tí yìnyín sì bò nínú, ó ṣeé ṣe kó ti yọ́ rí, kí wọ́n sì tún un dì. Ẹ fi í sílẹ̀.

Lórí pẹpẹ kan náà, ewúro gbígbẹ ṣeé rà láìfòyà púpọ̀, torí ìkorò àti bó ṣe rí lẹ́nu lèèyàn ń wá lára rẹ̀, méjèèjì sì ń fara da gbígbẹ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ẹ tọ́ omi náà wò: bó bá korò jù, ẹ tún un fọ̀ kí ẹ tó sè é.

Bí kò bá sí efínrín kankan, basil ti àwọn ará Ítálì pẹ̀lú táìmù díẹ̀ àti ẹyọ kànáfùrù kan lè di ààyè rẹ̀ mú. Basil nìkan á dùn jù, kò ní í ta.

Ẹ da efínrín gbígbẹ sínú ìgò tó ní ìdérí líle, kó jìnnà sí ìmọ́lẹ̀ àti ooru sítóòfù, kí ẹ sì lò ó tán láàárín oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ efínrín tútù lọ́jà, ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ mélòó kan lábẹ́ oríkèé, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀pá náà sínú omi lójú fèrèsé tí oòrùn ń dé. Bó bá ti ta gbòǹgbò, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó, ẹ má gbé e síta nígbà òtútù, kí ẹ sì máa já òdòdó rẹ̀ kí ewé lè máa yọ.