Speed limiter àti cruise control: èwo ló yẹ kó wà nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà?

Ara sítíárìn ni bọ́tìnnì àwọn méjèèjì sábà máa ń wà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ fi ń rò pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Cruise control ń di eré ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀, ẹ lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ní ti limiter, ẹsẹ̀ yín ló ṣì ń tẹ tọ́tù: tí ẹ bá fi í sí 50, ọkọ̀ ò ní kọjá 50 àyàfi tí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó ń wakọ̀ láàárín ìlú, limiter ni kó wá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, cruise lásán kì í gbà bí eré bá kéré sí nǹkan bí 30 sí 40 km/h. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni cruise ti borí, ṣùgbọ́n ẹ pa á tí òjò bá ń rọ̀. Limiter náà ní àléébù tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tẹ bíréèkì, epo ni wọ́n ń dín kù, nítorí náà ọkọ̀ lè kọjá iye yẹn tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Tí cruise ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà ò bá ṣiṣẹ́, súwíìṣì bíréèkì, tó wà lókè pẹ́dà, ló sábà máa ń fà á. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀nà iná méjì ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti takora, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á ti cruise pa. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, kóòdù P0571 tàbí P0504 ló sábà máa ń jáde. Àtúnṣe rẹ̀ ò wọ́n, ẹ má torí rẹ̀ sá fún ọkọ̀ tó dáa.

Clock spring le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà pẹlẹbẹ tó ká sábẹ́ sítíárìn ni. Tó bá já, bọ́tìnnì á kú, hóònù lè kú tẹ̀ lé e, iná airbag á sì tàn. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi téèpù lẹ̀ ẹ́, torí ibẹ̀ ni wáyà airbag gbà. Iná ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) tó ń tàn náà lè mú kí méjèèjì má ṣiṣẹ́, torí sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ táyà ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó.

Tó bá jẹ́ cruise tó ń fi radar wo ọkọ̀ iwájú, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bọ́ńpà tàbí gíláàsì iwájú rí. Radar àti kámẹ́rà tí wọn ò tún ojú rẹ̀ tò lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè má rí ọkọ̀ tó yẹ kó rí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ SET, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ẹ wá fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀: ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáwọ́. Ẹ tẹ RES, kó padà sí 60. Tó bá jẹ́ jíà ọwọ́, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì dán an wò bákan náà. Èyí tí kò bá jáwọ́ nígbà tí ẹ kan bíréèkì, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀.