Ìkòkò Áténì: àwòrán dúdú àti àwòrán pupa
Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ya àwòrán sára ìkòkò ní Áténì, ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́: àwòrán dúdú àti àwòrán pupa. Omi amọ̀ kíkúnná kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń lò. Ibi tí wọ́n ń kùn ún sí ló yàtọ̀. Nínú àwòrán dúdú, tó bẹ̀rẹ̀ ní Corinth, ìlú Gíríìsì mìíràn, ní nǹkan bí ọdún 700 ṣáájú ìbí Kristi, àwòrán ènìyàn gan-an ni wọ́n ń kùn, wọ́n á wá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ ojú, irun àti aṣọ sí i.

Ní nǹkan bí ọdún 530 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará Áténì yí i padà: ẹ̀yìn àwòrán ni wọ́n ń kùn, ènìyàn á dúró ní àwọ̀ amọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń fa ìlà iṣan, ó lè nípọn, ó lè fẹ́lẹ́. Èyí ni mo gbà pé ó dára jù fún ara tó tẹ̀ tàbí tó yí padà. Síbẹ̀, àwòrán dúdú ni wọ́n fi sára ìkòkò òróró ólífì tí wọ́n ń fún àwọn tó borí níbi ìdíje Panathenaia, àjọ̀dún tí wọ́n ń ṣe fún òrìṣà Athena ní Áténì.

Sísun ló le jù. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ wọ ààrò, gbogbo rẹ̀ á pọ́n. Wọ́n á dí i pa, gbogbo rẹ̀ á dú. Wọ́n á tún ṣí i, amọ̀ tí wọn ò kùn nìkan á pọ́n padà, torí pé ibi tí wọ́n kùn ti dì bíi gíláàsì. Bí ooru bá pọ̀ jù lẹ́yìn ṣíṣí yìí, dúdú náà á pọ́n.