Ilé Ti Ṣófo Nígbà Tí Mo Dé: Àwọn Géèmù Ìrìn Tí Mo Ṣe ní Kubwa

"Ọ̀gá, ibo ni wọ́n ti máa yìnbọn nínú eléyìí?"

Ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kubwa, níbi tí a ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti dúró sẹ́yìn mi, tó ń wo bí mo ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn nínú ilé kan tí kò séèyàn. Mo ní kò síbọn níbẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń lé yín?"

"Kò sí."

"Ẹ kàn ń rìn ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni, mo kàn ń rìn ni. Irú géèmù tí wọ́n ń pè ní walking simulator nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n fi ń bú u. Wọ́n ní géèmù wo ni kéèyàn máa rìn kiri láìjà, láìsáré, láìgba máàkì? Orúkọ náà ti wá mọ́ ọn lára. Wàá máa rìn, wàá máa wò, wàá máa tẹ́tí sílẹ̀, títí ìtàn ẹnì kan á fi yé ọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kúrú, wákàtí méjì sí mẹ́ta péré, ìfẹ́ àti ikú ló sì kún inú wọn. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kú ni mo ti ń wá wọn kiri. Mo fẹ́ sọ èyí tó tó ohun tí ẹ lè náwó sí àti èyí tí ẹ lè fò.

Gone Home ni mò ń ṣe lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Fullbright, ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ló gbé e jáde ní 2013. Oṣù kẹfà ọdún 1995 ni ìtàn inú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Katie, lọ sí Yúróòpù, ó wá padà dé lóru, lẹ́yìn aago kan, òjò ń rọ̀, àrá ń sán. Ilé tó dé sí yìí kì í ṣe ilé tó ti kúrò, torí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ síbòmíràn nígbà tí kò sí nílé. Kò sẹ́ni tó jáde wá pàdé rẹ̀. Ìwé pélébé kan ló rí lára ilẹ̀kùn. Sam àbúrò rẹ̀ ló kọ ọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó má wá ibi tí òun wà.

Ó pẹ́ kí n tó lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n pè mí lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo wọkọ̀ ní Zuba. Mùsùlùmí ni wá, a kì í gbé òkú pamọ́, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa sin ín. Ọkọ̀ wa bàjẹ́ kí a tó wọ Lọ́kọ́ja. A jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí méjì àtààbọ̀, dírẹ́bà ń bu omi sí ẹ́ńjìnnì, èmi ń wo aago. A gba Kàbà, a gba Òmù-Àrán. Nígbà tí mo máa fi wọ agboolé wa ní Ọ̀ffà, kò sẹ́nì kankan nílé. Gbogbo wọn ti gbé e lọ. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gílóòbù ń tàn lọ́sàn-án gangan. Ife tíì kan wà lórí àpótí, wọ́n ti mu ún dé ìdajì. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan dojú délẹ̀. Mo lóṣòó, mo yí i sókè, mo jókòó tì í títí àwọn èèyàn fi dé.

Ẹ ó rí i pé kì í ṣe eré lásán ni mo bá dé inú ilé Katie.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Gone Home ni ọwọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí nǹkan tí ẹ kò lè mú dání níbẹ̀: kásẹ́ẹ̀tì, ìgò, ìwé, páálí. Ẹ lè yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó tán, tí ẹ bá kọjú síbi tí ẹ ti mú un, géèmù náà á gbà yín láyè láti dá a padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó dá a padà. Kò sí ìyà fún ẹni tó jù ú sílẹ̀. Èmi dá gbogbo ohun tí mo mú padà, títí kan ìgò òfìfo.

Ní Ọ̀ffà, kò sí ohun tó padà síbi tó wà. Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tú àpótí rẹ̀, wọ́n pín aṣọ rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni bínú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì dáa, torí àwọn ọmọ rẹ̀ rí aṣọ ìyá wọn wọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí gèlè fi rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn, bó ṣe wà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, bóyá ni mo fi rí i tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gone Home fún mi ní wákàtí méjì nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń rí nǹkan, ẹ ó máa gbọ́ ohùn Sam, tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà. Ohùn ẹ̀gbọ́n tèmi náà wà lórí fóònù mi, lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá: "Ṣé o ti jẹun? Má fi búrẹ́dì àti tíì ṣe oúnjẹ alẹ́ o, mo mọ̀ ẹ́." Ó kù díẹ̀ kí n máa gbọ́ ọ bí ẹni pé inú ilé Katie ló ti ń sọ ọ́.

Nǹkan kékeré kan wà tí mi ò lè ṣàìsọ. Bàbá wọn fi ìwé kan sílẹ̀ tó fi bá Sam wí pé ó máa ń tan gbogbo iná ilé sílẹ̀, pé kò yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kà á, mo wẹ̀yìn. Gbogbo yàrá tí mo ti kọjá, iná ń tàn nínú wọn, mi ò pa ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n tí bàbá ń wí, èmi tí mò ń rìn yìí ni.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á pé ìfẹ́ tó wà níbẹ̀, ìfẹ́ ọmọbìnrin méjì ni, Sam àti Lonnie. Àwọn kan á torí ìyẹn gbé e sílẹ̀. Èmi rí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ tí kò rẹ́ni sọ ọ́ fún nílé, tó wá ń fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rìnrìn àjò. Ìyẹn yé mi dáadáa. Mi ò ní sọ ohun tó wà lókè àjà. Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ń gun àkàsọ̀ náà, mo ń sọ fún ara mi pé mo tún ti pẹ́ dé.

Owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 15 tí wọn ò bá dínwó, ìyẹn sì wọ́n fún wákàtí méjì. Wọ́n máa ń dínwó rẹ̀ lórí Steam, ìyẹn ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró dè é. Káàdì báǹkì mi kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ẹ rí i pé ẹ fi íápíìsì sétí, torí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kì í fẹ́ ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fọwọ́ kọ, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀; ìwé kíkà ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́kàn mi ni What Remains of Edith Finch, tí Giant Sparrow gbé jáde ní 2017. Òun ló gba àmì ẹ̀yẹ BAFTA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún géèmù tó dára jù lọ ní 2018. Edith padà sí ilé ìdílé rẹ̀ tí gbogbo àwọn ará ibẹ̀ ti kú tán. Ní ilé yẹn, tí ẹnì kan bá kú, wọn kì í fọwọ́ kan yàrá rẹ̀. Ìyá Edith sé àwọn ilẹ̀kùn náà pa, àfi bí ìyá bàbá ìyá rẹ̀ ṣe lu ihò sára wọn kéèyàn lè máa yọjú wo inú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yọjú níbi ihò kan, mo jowú wọn. Nígbà tí mo máa fi dé yàrá kẹrin, mi ò jowú mọ́. Yàrá pọ̀ nílé yẹn ju ibi tí alààyè lè sùn lọ.

Ibi kan wà níbẹ̀ tí mo ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lewis, ẹ̀gbọ́n Edith, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé ẹja sínú agolo. Ẹ ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa ẹja, ẹ ó tì í sábẹ́ abẹ, ẹ ó jù ú sókè. Ọwọ́ òsì ní tirẹ̀ ń darí ọkùnrin kékeré kan nínú ìlú tí Lewis ń rò lọ́kàn. Ìlú náà á máa tóbi sí i, á bo ẹja, á bo abẹ, títí kò fi ní sí nǹkan mìíràn lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọ̀tún yín á sì ṣì máa gé ẹja tí ẹ kò rí mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo padà láti Ọ̀ffà, bí mo ṣe wà gan-an nìyẹn. Mo ń fi iná jó lẹ́ẹ̀dì sí bọ́ọ̀dù, oníbàárà ń gba iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dúpẹ́, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ báyẹn rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ kí n ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan. Wọ́n ṣe ikú lẹ́wà jù nínú géèmù yìí. Ọmọ ọwọ́ kan kú sínú omi ìwẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi orin àti ìṣeré wé e. Ẹni tó bá ti sin ọmọ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un. Láptọ́ọ̀pù tó ti gbó kò sì lè gbé e. Tèmi gbóná, ó ń dúró lójú ọ̀nà.

Dear Esther ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa dárúkọ kọ́kọ́, torí ó wà lára àwọn tó ṣí ọ̀nà yìí. Inú géèmù mìíràn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2008, wọ́n wá tún un ṣe fún títà ní 2012. Ọkùnrin kan ń ka lẹ́tà sí Esther, nígbà tí ẹ̀yin ń rìn ní erékùṣù kan ní Skọ́tìláǹdì. Orin rẹ̀ dára púpọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó rẹ̀ mí, torí ó lọ́ pọ̀ jù, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ì bá má rí okun sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè fọwọ́ mú níbẹ̀ pẹ̀lú. Èmi fò ó ní ìdajì, mo padà wá parí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ojú tí mo fi wò ó kò yí padà.

Ti ìkẹyìn kò ná yín ní kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni. Passage, Jason Rohrer ló ṣe é ní 2007. Ilé iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York gbà á sínú àkójọ wọn ní 2012. Ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, àwọn èèyàn inú rẹ̀ rí jágajàga bíi ti géèmù àtijọ́. Ọkùnrin kan ń rìn lọ sápá ọ̀tún. Obìnrin kan dúró sọ́nà. Tó o bá fara kàn án, ẹ ti di tọkọtaya, ẹ ó jọ máa lọ. Àpótí ẹ̀bùn wà káàkiri, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà tóóró kan wà tí ẹni kan lè gbà, tí ẹni méjì kò lè gbà. Bí ẹ bá rìn, bí ẹ bá dúró, ẹ ó máa dàgbà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo gbé e fún. Ó fẹ́yàwó náà kíá, ó wá ń ráhùn pé kò jẹ́ kí òun ráyè débi àpótí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Irun wọn ń funfun. Láìrò tẹ́lẹ̀, òkúta ibojì kékeré kan ló wà níbi tí obìnrin yẹn wà. Ọkùnrin náà tẹ̀, ìrìn rẹ̀ wá ń falẹ̀. Ọmọ náà tì í lọ sápá ọ̀tún díẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

"Ọ̀gá, ṣé ó lè padà?"

Mo ní ó lè padà.

Ó wá yí i sápá òsì, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó ń wò ó. Kò pẹ́ tí òkúta kejì fi yọ. Ó na ìka rẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó fi wọn àyè tó wà láàárín méjèèjì. Kò tó ìbú èékánná.