Àyẹ̀wò TCD fún ọmọ SS tí orí ń fọ́ léraléra: ohun tó lè sọ fún yín àti ohun tí kò lè sọ

Bí orí bá ń fọ́ ọmọ SS (ọmọ tó ní àrùn sickle cell) lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wá sí òbí lọ́kàn, ẹ̀rù náà sì nídìí. Láìsí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú, nǹkan bí 11 nínú 100 ọmọ SS ni rọpárọsẹ̀ ń kọlù kí wọ́n tó pé ogún ọdún. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń kọ TCD fún wa, àyẹ̀wò tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Àwa tí a ń gbé ọmọ lọ fún un lọ́dọọdún lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kúnjú ìwọ̀n fún iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe é fún, ìyẹn ni kí ó tú àṣírí òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó ti ń fún kí rọpárọsẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n wíwá ìdí ẹ̀fọ́rí kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tó gba ìwé pé kò séwu, tó wá gbà pé wọ́n ti wádìí ẹ̀fọ́rí ọmọ òun tán, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò sì gbé ọmọ lọ torí pé orí kì í fọ́ ọ ń fi ẹ̀mí ọmọ wewu, nítorí òpó ẹ̀jẹ̀ lè máa fún lọ láìsí ẹ̀fọ́rí kankan. Láti ọmọ ọdún 2 títí dé 16 ló yẹ kí ọmọ SS máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí orí máa fọ́ ọ tàbí kó má fọ́ ọ. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn àti ní ibùdó ìtọ́jú SS tó wà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí i gbà lọ́wọ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni transcranial Doppler. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ló ń lò, bíi ti sìkáànù aláboyún. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìtànṣán X-ray, kò sì sí oògùn oorun. Ọmọ á dùbúlẹ̀, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀bátí rẹ̀ níbi tí egungun orí ti fẹ́lẹ́, wọ́n á sì gbé orí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ní 2 MHz lé e. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ wọn ìbú orí ọmọ láti ẹ̀bátí kan dé èkejì, torí ìdajì ìbú yẹn ló ń sọ ibi tí àárín ọpọlọ wà fún un. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀lé òpó ẹ̀jẹ̀ láti ìta wọ inú, ní mìlímítà 2, mìlímítà 2, tí yóò máa kọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó sílẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òpó bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ á sáré kọjá níbẹ̀, bí omi ṣe ń ta jáde nígbà tí a bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà. Á ṣe ọ̀tún, á ṣe òsì, á sì ṣe ìpàkọ́. Gbogbo rẹ̀ ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 45. Bí wọ́n bá ti parí ní ìṣẹ́jú 10, ẹ béèrè bóyá wọ́n rí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dáadáa.

Ohun tó ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́ pọ̀, òbí ló sì lè dènà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọmọ kò gbọdọ̀ sùn. Bí ó bá ti ń sùn, carbon dioxide á pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ á fẹ̀, nọ́ńbà á sì gòkè láìjẹ́ pé àrùn wà níbẹ̀. Igbe ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ọmọ tó ń sunkún ń mí gúlegúle, gáàsì yẹn á dín kù, nọ́ńbà á já wálẹ̀, ẹ sì lè gba ìwé pé kò séwu nígbà tí ewu wà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ ní oògùn oorun kí ó lè dúró jẹ́. Ibà máa ń gbé nọ́ńbà sókè, PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀) tó já wálẹ̀ náà máa ń gbé e sókè, ebi tó dín ṣúgà ara kù náà lè gbé e sókè; ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sí ọmọ lára ló máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi kí ẹ tó jáde nílé, ẹ jẹ́ kó sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́yìn kíráísìsì (ìrora líle tí SS máa ń fà) tàbí ibà tàbí ìfàjẹ̀sínilára. Bí ọmọbìnrin bá dirun tí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àtaṣímẹ́ńtì bo ẹ̀bátí rẹ̀, ẹ tú apá ibẹ̀. Fóònù tó ń ṣe eré ọmọdé láìsí ariwo wúlò ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti ń bínú sí iṣẹ́ yìí jù ni ìwé èsì. Ọ̀pọ̀ ibi ń kọ "normal" nìkan lé e, bẹ́ẹ̀ òbí nílò nọ́ńbà gan-an láti fi wé ti ọdún tó ń bọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ ń wá ni TAMMV, ìyẹn ìpíndọ́gba bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú òpó. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 170 cm ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Láti 170 sí 199, ọmọ wà lójú ọ̀nà ewu, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí ó bá pé 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Tó bá wá dé 220, kò yẹ kí a tún dúró de àyẹ̀wò kejì ká tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ ṣọ́ra fún PSV, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nígbà tó bá sáré jù; ó ga ju TAMMV lọ nínú ìwé kan náà. PSV 220 àti TAMMV 220 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà rárá, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi èkíní dẹ́rù ba òbí. Ẹ tún béèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò: èyí tó ń fi àwòrán ọpọlọ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sábà máa ń fún ni ní nọ́ńbà tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju èyí tí kò ní àwòrán lọ, torí náà ẹ má máa fi ti ọdún yìí lórí ọ̀kan wé ti èṣí lórí èkejì.

Nọ́ńbà tó kéré jù náà yẹ kó lé oorun lójú yín. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wà ní 140 tí èkejì kò tó 70, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ pé wọn kò rí òpó ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè jẹ́ pé egungun ibẹ̀ ló nípọn, ó sì lè jẹ́ pé òpó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátá. MRI (àwòrán ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì yà) pẹ̀lú MRA (irú rẹ̀ tó ń fi òpó ẹ̀jẹ̀ hàn) ló máa yanjú ìyẹn.

Bí nọ́ńbà bá ga lóòótọ́, ọ̀nà wà. Ìwádìí STOP, tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1998, kó ọmọ 130 tí nọ́ńbà wọn ti kọjá 200 jọ, wọ́n sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí apá kan nínú wọn lára déédéé. Láàárín àwọn yẹn, ewu rọpárọsẹ̀ dín kù ní ìdá 92 nínú 100. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ oṣooṣù ṣòro: ẹni tó máa fún ni, owó àyẹ̀wò rẹ̀, àti irin tó ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ ọmọ. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti ṣeé ṣe, oògùn hydroxyurea tó tó 20 mg fún kílò kan lójúmọ́ ni ìlànà àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ ti 2020 fọwọ́ sí. Ọmọ kílò 15 á máa lo 300 mg lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa wo iye sẹ́ẹ̀lì funfun àti platelet (sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) rẹ̀ ní láàbù déédéé. Kí aláboyún má fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú kápúsù náà.

Ẹ̀fọ́rí ńkọ́? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ SS 872, tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ gbogbo wọn, nǹkan bí 36 nínú 100 ló ní ẹ̀fọ́rí tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀fọ́rí yẹn kò bá ọgbẹ́ ọpọlọ tí kò hàn síta rìn. Ohun tó bá rìn ni ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ àti ìrora ara tó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú PCV ṣáájú, bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́rí ló gbé yín dé ilé ìwòsàn. Ẹ mọ PCV tí ọmọ yín máa ń ní nígbà tí ara rẹ̀ le, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀. Ọmọ tó máa ń wà ní 25 tó wá já sí 19 ti sọ ìdí ẹ̀fọ́rí rẹ̀ fún yín, nígbà tí ọmọ mìíràn ń fi 21 ṣeré kiri láìsí ìyọnu. Bí ó bá já, wọ́n á wá ibà àti àkóràn mìíràn.

Ohun kejì kò náni ju ìwé kékeré kan lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ibi tó ti ń fọ́, bó ṣe le tó láti 0 dé 10, omi tí ọmọ mu, bó ṣe sùn, oògùn tí ẹ lò àti ìgbà tó rọlẹ̀. Ìwé yìí ni dókítà tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ rí jù. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ ní kété tó jí, tó sì ń hanrun lóru, bélúbélú tàbí ẹran ẹ̀yìn imú rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó ti wú tó ń dí èémí. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa já wálẹ̀ lóru, ìyẹn nìkan sì tó fa ẹ̀fọ́rí àti kíráísìsì. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ni ẹ máa rí. Bí ẹ bá fẹ́ fi oximeter, ẹ̀rọ ìka tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, wò ó lójú oorun, kí ìka rẹ̀ má tutù, kí làálì má sì wà ní èékánná. Ẹ̀fọ́rí ọ̀sán lẹ́yìn ilé ìwé sábà máa ń jẹ́ ti omi tàbí ti ojú. Kíndìnrín ọmọ SS kì í lè dá omi dúró, ó ń tọ̀ ọ́ dànù. Ọmọ kílò 20 nílò tó lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́, kí olùkọ́ sì gbà á láyè láti lọ tọ̀. Kí dókítà ojú wo bóyá ó nílò gíláàsì, kí ó sì tanná wo ẹ̀yìn ojú, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa rí i bí ìfúnpá inú agbárí bá ti pọ̀ jù.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń tan ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì. Ti ọmọ SS sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà nọ́ńbà tó dára fún ọmọ mìíràn lè ti ga fún un. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú káàdì rẹ̀ látẹ̀yìnwá. Bí ẹ̀fọ́rí bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ ní kí wọ́n wo ìfúnpá àti PCV lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ SS tí wọ́n gbé PCV rẹ̀ kọjá nǹkan bí 33 ń ki, ó sì ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọpọlọ.

Oògùn orí fífọ́ fúnra rẹ̀ lè di okùnfà. Bí ẹ bá ń fún ọmọ ní parasitámọ́ọ̀lù fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kan, fún oṣù mẹ́ta léraléra, oògùn náà á máa pe ẹ̀fọ́rí padà, á sì tún máa bo ibà mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ni 15 mg fún kílò kan: ọmọ kílò 16 á gba 240 mg, ìyẹn mílílítà 10 nínú omi oògùn tó ní 120 mg nínú 5 ml, kí wákàtí mẹ́fà wà láàárín, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ ní Alábùkún. Aspirin àti káféènì ló wà nínú rẹ̀, aspirin sì lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọdé tí àkóràn wà lára rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ̀fọ́rí bá ṣàdédé le bí ẹni pé wọ́n la nǹkan mọ́ ọn lórí, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí gìrì mú un, tí ọrùn gan pẹ̀lú ara gbígbóná, tàbí tó ń bì láàárọ̀ tí orí sì ń jí i lójú oorun, TCD kọ́ ni ẹ ń lọ ṣe. Ilé ìwòsàn ńlá ni, lójú ẹsẹ̀, kódà bí ọwọ́ náà bá ti padà bọ̀ sípò kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Níbẹ̀, CT (àwòrán orí tí wọ́n fi ìtànṣán X-ray yà) á yára fi ẹ̀jẹ̀ tó ń dà hàn. MRI ló ń rí ọgbẹ́ kéékèèké. Bí wọ́n bá fẹ́ fi oògùn oorun ṣe MRI fún ọmọ kékeré, ẹ ní kí wọ́n fi omi sí i lára ní gbogbo àsìkò tí kò ní jẹun, nítorí òùngbẹ ọjọ́ kan péré ti tó láti mú kíráísìsì wá.

Fún TCD fúnra rẹ̀, mo fọwọ́ sí i fún gbogbo ọmọ SS tó ti pé ọdún méjì. Ẹ gba ọjọ́ tí ẹ máa padà wá kí ẹ tó kúrò lẹ́nu tábìlì, kí ẹ ya fọ́tò ìwé èsì pẹ̀lú TAMMV ọ̀tún àti ti òsì, kí ẹ sì kọ PCV ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí dókítà tó bá máa ka nọ́ńbà yẹn lọ́dún tó ń bọ̀ á fẹ́ mọ̀ ọ́n.