Orin lórí ọ̀kadà fún ẹni tí etí rẹ̀ ti ń di: èwo ló yẹ kí ẹ rà?

Ọdún 12 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlagi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, láìfi nǹkan kan dí etí. Nígbà tí mo wá lọ ṣàyẹ̀wò, ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi kò fọ̀rọ̀ pamọ́: ohùn tó rinlẹ̀ ṣì ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ohùn bá ṣe ń tín-ín-rín sí i ni ilà náà ń já wálẹ̀, ibi tí wọ́n kọ 4,000 Hz sí ló sì jìn jù (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó). Ní báyìí, aṣọ òfì ni mò ń kó láti Ìséyìn wá sí Ìbàdàn, Boxer ni mo sì ń gùn. Láti Mọ́níyà dé Ìséyìn tó nǹkan bíi kìlómítà 65. Ọ̀nà náà a máa dá páropáro, orin ni mo fi ń rìn ín.

Mo ti ra oríṣiríṣi nǹkan tí ènìyàn fi lè gbọ́ orin lórí ọ̀kadà. Òmíràn wúlò, òmíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ títí dòní. Nítorí náà ni mo ṣe fi wọ́n wéra níbí, kí ẹni tó fẹ́ rà lè mọ ibi tí owó rẹ̀ ń lọ.

Irú etí tí ẹ ní ló ń yan ọjà

Kí ẹ tó dé ìsọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí dókítà etí yẹ̀ yín wò. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní UCH, ó sì wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá míì. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni ibi tí nǹkan ti bàjẹ́.

Bó bá jẹ́ inú etí lọ́hùn-ún, bíi tèmi, àwọn irun tíntìntín tó ń gba ohùn níbẹ̀ ló ti kú, wọn kì í sì í hù padà. Èdè wa ṣe irú wa lóore kan níbí: dò-rè-mí tó wà lórí ọ̀rọ̀ ń wọlé, torí ohùn tó rinlẹ̀ ló gbé e dání. Lẹ́tà bíi f, s, ṣ àti k ló ń sọnù. Olórin ń kọrin ìfẹ́, ó lè jẹ́ ìṣẹ́ ni màá gbọ́. Gángan a máa yé mi ju ẹni tó ń kọrin lọ, nítorí ohùn lásán ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nínú orin mi. Ìṣòro kejì tún wà: àyè tó wà láàárín "mi ò gbọ́" àti "ó ń dùn mí" ti fún. Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, ẹ ò gbọ́. Ẹ tún fi díẹ̀ kún un, ó ti ta gìrì wọnú orí.

Bó bá jẹ́ pé ìlù etí ló ya, tàbí etí ń ṣọyún, tàbí àwọn eegun kéékèèké ẹ̀yìn ìlù etí ni kò ṣiṣẹ́, inú lọ́hùn-ún lè ṣì dá ṣáṣá. Ọjà tí èmi yóò rà kọ́ ni tiyín.

Ẹni tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló di, ẹ má tíì náwó. Ẹ wọ Settings lórí fóònù yín, ẹ wá Accessibility, ẹ tan Mono audio. Bí wọ́n bá gbà gìtá sí apá òsì tí wọ́n gbà àkúbà sí apá ọ̀tún, méjèèjì yóò pàdé létí tó ń gbọ́. Ó wà lórí Android, ó wà lórí iPhone, ọ̀fẹ́ ni.

Atẹ́gùn ló ń bo orin mọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo. Láàárín ìlú, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú fèrè ọkọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti sáré kọjá nǹkan bíi kìlómítà 65 ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń gbá akoto ló ń pariwo jù. Ní 80, ariwo tó ń dé etí nínú akoto máa ń kọjá 90 lórí dẹ́síbẹ́lì, òṣùwọ̀n ariwo, yálà akoto náà bo ojú tàbí kò bò ó.

NIOSH, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́, ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀: ariwo dẹ́síbẹ́lì 85, wákàtí 8 ni kí etí fi gbà á mọ lójúmọ́. Bó bá fi 3 lé sí i, àkókò náà á pín sí méjì. Ní 88, wákàtí 4. Ní 91, wákàtí 2. Ní 94, wákàtí 1. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Àlọ àti àbọ̀ mi sí Ìséyìn sún mọ́ wákàtí méjì. Ìpín etí mi ti tán lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì tan orin o.

Ohun tó tún burú fún irú etí tèmi ni pé ariwo atẹ́gùn rinlẹ̀, ó sì ń hu wúù síbi tó ṣẹ́kù fún mi láti fi gbọ́ràn gan-an. Ohùn tó rinlẹ̀ tó bá lágbára a máa bo èyí tó tín-ín-rín mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín: owó àkọ́kọ́ tí ẹ bá ná, ẹ fi dín ariwo kù. Ẹ má tíì ra ohun tó ń pariwo.

Fóòmù etí àti rọ́bà alásẹ́

Fóòmù ni èyí tí a ń ká kí a tó kì í bọ etí. Lára páálí rẹ̀, 29 tàbí 33 ni wọ́n sábà máa ń kọ, ìyẹn iye dẹ́síbẹ́lì tó lè dín kù, ṣùgbọ́n inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. NIOSH ní kí a pín nọ́ńbà ti fóòmù sí méjì, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, torí àwọn tí mo rí tó ń lò ó kì í tì í wọlé dáadáa. Ẹ fọ ọwọ́ yín kúrò nínú epo ẹ́ńjìnnì. Ẹ ká fóòmù náà títí yóò fi tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ẹ gba òkè orí mú etí náà pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ẹ fà á sókè sẹ́yìn, ẹ ti fóòmù wọlé, ẹ fi ìka dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kó lè wú. Tí ohùn ara yín bá ti ń dún bí ẹni wà nínú àmù, ó ti wọlé.

Àléébù rẹ̀ ni pé ohùn tín-ín-rín ló ń gé jù. Etí mi ti gé tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, fóòmù tún gé e lé e. Níbẹ̀ ni rọ́bà alásẹ́ ti borí. Ihò kékeré tó ní asẹ́ wà láàárín rẹ̀, ó ń dín gbogbo ohùn kù níwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Etymotic ER20XS jẹ́ ọ̀kan, 13 ni wọ́n kọ sára tirẹ̀. Alpine MotoSafe wà tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Nínú ìlú, rọ́bà alásẹ́ ni mò ń lò, torí mo ṣì ń gbọ́ fèrè pẹ̀lú rẹ̀. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, fóòmù ni.

Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọyún kò gbọdọ̀ ki èyíkéyìí bọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé dókítà gbà á láyè.

Sípíkà inú akoto àti íápíìsì tó ń gba eegun wọlé

Àwọn méjì yìí ni àwọn ènìyàn ń bi mí léèrè jù, ibẹ̀ náà sì ni irọ́ pọ̀ sí lọ́jà.

Íápíìsì ti eegun, bíi Shokz OpenRun, kì í wọ ihò etí. Ara eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú etí ló ń jókòó lé, tó sì ń gbọ̀n. Wọ́n tà á fún mi pé "adití pàápàá ń fi gbọ́ràn". Kò rí bẹ́ẹ̀ fún irú etí tèmi. Eegun á kàn gbé ohùn fo ìlù etí kọjá ni. Inú lọ́hùn-ún kan náà tó ti bàjẹ́ ló ń gbé e lọ jíṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlù etí rẹ̀ ya, tí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì dára, tiẹ̀ ni èyí! Mi ò rí ohun tó dára jù ú lọ fún un: orin á wọlé, etí tó ń ṣọyún á sì ráyè gbẹ.

Tí ẹ bá lò ó láìdí etí, atẹ́gùn á gbé orin mì. Tí ẹ bá ki fóòmù bọ etí, bẹ́ẹ̀sì inú orin á tún wú sí i, ẹ ó sì gbádùn rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 8, omi òjò kò sì ní nǹkan kan fi í ṣe. Wàhálà rẹ̀ ni akoto. Waya tó gba ẹ̀yìn ọrùn a máa kọ́ ìsàlẹ̀ akoto tó bo gbogbo ojú, tí ẹ bá sì yí orí wo ẹ̀yìn, á sún kúrò lórí eegun. Akoto tó bá fún náà á tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun títí orí á fi máa fọ́ni. Nígbà tó jáde, nǹkan bíi 130 dọ́là ni ní Amẹ́ríkà.

Sípíkà inú akoto ni mo yàn fún ara mi. Nínú àwọn tó ń ṣe é, Cardo àti Sena ló lórúkọ jù. Cardo Packtalk Edge tó jáde lọ́dún 2022 ní sípíkà JBL oní mìlímítà 40, ó sì sún mọ́ 400 dọ́là nígbà náà. Àwọn ti Ṣáínà bíi FreedConn àti Lexin kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó kan ẹni tí etí rẹ̀ di ni agbára: ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba inú fóòmù kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú ń dún ketekete nínú ìsọ̀, tó bá dójú ọ̀nà, tí fóòmù wà létí, wọ́n á dákẹ́.

Ibi tí sípíkà wà ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára rẹ̀ lọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, mo fẹ́ gbé e padà torí mo rò pé kò dára. Mo wá fi ẹfun pa etí, mo dé akoto, mo rọra bọ́ ọ. Ojú ẹfun wà lẹ́yìn sípíkà ní ìwọ̀n ìka kan ààbọ̀. Mo ṣí tìmùtìmù inú akoto, mo sún sípíkà sẹ́yìn, mo fi fóòmù pẹlẹbẹ tì í kó lè súnmọ́ etí. Ó yàtọ̀ bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Lẹ́yìn náà mo dín bẹ́ẹ̀sì kù lórí fóònù, mo gbé ohùn tín-ín-rín sókè, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì padà wá díẹ̀.

Ẹ wo akoto yín kí ẹ tó rà á. Akoto pélébé tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń dé, tí kò bo etí, kò ní ibi tí sípíkà fẹ́ jókòó sí. Owó akoto gidi gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dígí méjèèjì sílẹ̀ lára ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ ló ń tú u dànù. Àwa tí a kì í gbọ́ tírélà títí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ wa, dígí ni etí wa.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àti íápíìsì tó ń pa ariwo

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ní Bluetooth ló mọ etí yín jù, torí orí ìwé àyẹ̀wò yín ni wọ́n fi tò ó. Kò sí sípíkà tó lè fún mi ní lẹ́tà f bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jókòó sẹ́yìn etí kò bá akoto rẹ́: á máa súfèé, òógùn á rin ín, akoto á sì fà á lọ. Ní Ìjàyè, mo bọ́ akoto láti mu omi, ẹ̀rọ etí òsì bá a lọ sínú koríko. Ó tó wákàtí kan tí mo fi wá a lórí eékún. Tí ẹ bá máa lò ó, ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n fi ìwọ̀n etí yín ṣe dí ihò etí, kí ẹ sì pa máíkì rẹ̀ nígbà tí orin ń lọ.

AirPods Pro 2, íápíìsì Apple tó ń pa ariwo, gba àṣẹ FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 láti ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ kò tíì di púpọ̀. Nínú ilé, ó dára. Nínú akoto, atẹ́gùn kì í jẹ́ kó rí ariwo pa dáadáa, ọ̀pá rẹ̀ sì ń kọ́ tìmùtìmù. Mi ò lè sọ pé kí ẹ tìtorí ọ̀kadà rà á. Ẹni tó bá ní Samsung tàbí iPhone tẹ́lẹ̀, ẹ wo Adapt Sound tàbí Headphone Accommodations nínú fóònù yín ná. Wọ́n ń tún orin ṣe bí etí ẹni ṣe rí.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ yín báyìí

Owó kékeré: páálí fóòmù kan, kí ẹ sì mú orin kúrò lójú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ ná. Ìlù etí tó ya: íápíìsì ti eegun pẹ̀lú akoto tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láyè. Inú etí tó bàjẹ́: akoto gidi, fóòmù, lẹ́yìn náà sípíkà tó lágbára, bí mo ṣe tò wọ́n tẹ̀ léra yẹn gan-an.

Ẹ mú akoto yín àti fóòmù dání lọ sí ìsọ̀, ì báà jẹ́ Queen Cinema n'Ìbàdàn tàbí Computer Village n'Ìkẹjà. Ẹ ki fóòmù, ẹ dé akoto, ẹ ní kí wọ́n gbé ohùn dé òpin. Níbẹ̀ tí atẹ́gùn kò sí, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ jù fún yín, kí ẹ fẹ́ dín in kù. Tó bá jẹ́ pé ó kàn tó yín gẹ́lẹ́, kò ní tó yín ní Mọ́níyà. Tí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ dán an wò bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.