Ẹ̀yáwó NELFUND ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ gba ti owó ilé-ìwé, ẹ ro ti owó oúnjẹ dáadáa

Ká ti ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ọwọ́ àjọ NELFUND kò ní èlé rárá. Iye tí ọmọ bá yá náà ni yóò dá padà. Ní ìlú tí báńkì àpapọ̀, CBN, gbé ìpìlẹ̀ èlé rẹ̀ kọjá ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2024, tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó rọjú jù lọ pàápàá ń gba nǹkan díẹ̀ lé owó, kò sí ibòmíràn tí ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti lè rí irú owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní LAUTECH, ní FCE Special, ní Federal School of Surveying tàbí ní Emmanuel Alayande, tí owó ilé-ìwé sì ń ni ín lára, kó jẹ́ kí ọmọ náà bèèrè. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ pọ̀ o, a ó sì tú u síta, ṣùgbọ́n ojúlówó ẹ̀yáwó ni.

Òfin tó gbé e dúró kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Èyí àkọ́kọ́, tí Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà gbé kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, ni Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023. Ó le koko. Bí owó tó ń wọlé fún ìdílé bá ti ju ₦500,000 lọ lọ́dún, ọmọ ibẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó tún fẹ́ onídùúró méjì, irú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12 tàbí agbẹjọ́rò tó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́. (Agbẹjọ́rò wo ni yóò dúró fún ọmọ ìyá elélùbọ́ ní ọjà Akẹ̀sán?) Ẹnikẹ́ni kò rí kọ́bọ̀ gbà lábẹ́ òfin yẹn títí tí àwọn aṣòfin fi gbé òmíràn jáde, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024. Òfin tuntun yìí yọ òdiwọ̀n owó ìdílé kúrò, ó yọ onídùúró kúrò, ó sì sọ NELFUND di àjọ tó dá dúró. Wọ́n ṣí pọ́tàlì rẹ̀ fún ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2024, ti ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ FCE Special, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, fi ṣáájú àwọn ọmọ LAUTECH, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, wọlé.

Nǹkan márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó jókòó sídìí fóònù: NIN, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà mátíríìkì, BVN àti àkáǹtì báńkì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí kò tíì ní mátíríìkì yóò lo ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀. Ibi tí ìṣòro ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bára mu nínú NIN, JAMB àti BVN. Láti 2021 tí JAMB ti sọ NIN di dandan, ti JAMB àti ti NIN sábà máa ń dọ́gba. BVN ló máa ń yàtọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ṣe é ṣáájú, tí òṣìṣẹ́ báńkì sì tẹ Adébáyọ̀ sí ibi tó yẹ kó tẹ Báyọ̀, tàbí tó fi orúkọ bàbá ṣáájú. Ìyẹn rọrùn. Ẹ lọ sí báńkì, kí wọ́n tún BVN ṣe kó bá NIN mu. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìdí NIN bí kò bá pọn dandan, nítorí bí NIN bá yí padà lẹ́yìn JAMB, ti JAMB náà yóò tún di iṣẹ́. Ó sì tún wọ́n. Láti 2025, NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ń gba ₦28,574 láti yí ọjọ́ ìbí padà, nígbà tí orúkọ jẹ́ ₦2,000. Iye tí wọ́n fi ń tún ọjọ́ ìbí kan ṣoṣo ṣe ju owó oúnjẹ oṣù kan tí NELFUND ń fúnni lọ.

Ní ti àkáǹtì, ẹ lo ti báńkì gidi tí orúkọ rẹ̀ bá BVN mu. Àkáǹtì orí fóònù tó ń lo nọ́ńbà tẹlifóònù bí nọ́ńbà àkáǹtì ti dá owó ọ̀pọ̀ ọmọ dúró.

Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè náà. Kàfé tó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ ní Under G tàbí ní Adéníkẹ̀ ń gba owó dátà àti iṣẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ ni, kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ní fóònù tó dára, orí pọ́tàlì nelf.gov.ng náà ni ẹ ti lè parí rẹ̀. Ẹ ó ṣí àkáǹtì pẹ̀lú ímeèlì, ẹ ó fi NIN àti JAMB jẹ́rìí ara yín, ẹ ó yan ilé-ìwé, ẹ ó tẹ mátíríìkì, lẹ́yìn náà BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì. Ímeèlì tí ẹ bá lò, kó jẹ́ èyí tí ọmọ fúnra rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, kì í ṣe ti oníkàfé; ibẹ̀ ni gbogbo ìfitónilétí yóò máa gbà. Lẹ́yìn èyí ni pọ́tàlì yóò béèrè ohun tí ẹ fẹ́: owó ilé-ìwé nìkan, tàbí òun pẹ̀lú owó àtijẹ-àtimu. Ojú ewé tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ kì í kà. Níbẹ̀ ni àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GSI wà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ ti gbà kí wọ́n yọ gbèsè láti inú àkáǹtì èyíkéyìí tó so mọ́ BVN rẹ̀, bí àsìkò sísan bá tó tí kò san. Kò sí ibi tí èèyàn lè sá sí pẹ̀lú BVN kan náà.

Tí ẹ bá tẹ mátíríìkì tí pọ́tàlì sì ní òun kò rí yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá. NELFUND kò mọ ọmọ kankan fúnra rẹ̀. Ilé-ìwé ló ń fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà JAMB, mátíríìkì, ìpele àti iye owó tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san. Bí wọ́n bá gbàgbé ẹ, tàbí tí wọ́n fi òdo kan kún mátíríìkì rẹ, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tí ilé-ìwé yàn fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó yìí ni àtúnṣe wà, kì í ṣe Àbújá. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé JAMB, ìwé ìgbaniwọlé àti àwòrán ojú pọ́tàlì tó ń ṣe àṣìṣe náà dání lọ. Ọmọ tó yí ẹ̀ka padà, àti èyí tó kọjá láti ilé-ìwé mìíràn wá, ni èyí sábà máa ń bá jà, nítorí orúkọ wọn ṣì wà ní ibi àtijọ́.

Níbí gan-an ni mo ti fún ètò yìí ní máàkì tó kéré jù. Owó ilé-ìwé kì í gba ọwọ́ ọmọ kọjá. NELFUND a máa san án lápapọ̀ sínú àkáǹtì ilé-ìwé. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ọmọ kò ní lè fi ra fóònù. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà tí ọmọ bèèrè àti ìgbà tí owó dé, ilé-ìwé ti lẹ ìkéde pé ẹni tí kò bá san kò ní ṣèdánwò. Òbí a sáré lọ yá owó ẹlẹ́èlé, a san án. Owó NELFUND a wá dé lẹ́yìn. Ó yẹ kí ilé-ìwé dá èyí tí òbí san padà, tàbí kó kà á sí ti ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan ṣe é kíá, àwọn kan dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ní 2025, ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, kéde pé ilé-ìwé 51 káàkiri orílẹ̀-èdè ni wọ́n fura sí pé wọ́n ń yọ láàárín ₦3,500 sí ₦30,000 lára owó akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dúró de ICPC. Ní ọjọ́ tí pọ́tàlì bá fi hàn pé owó ti jáde, ẹ tẹ ojú ewé yẹn sórí ìwé, ẹ so ó mọ́ rìsíìtì tí ẹ fi sanwó, kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì búsà tó ń bójú tó owó ilé-ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á.

Ohun mìíràn tí èèyàn máa ń ṣì gbọ́ ni pé ẹ̀yáwó náà kó gbogbo owó. Iye tí ilé-ìwé kọ ránṣẹ́ nìkan ló ń san. Owó ẹgbẹ́, ìwé kíkà, aṣọ iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ilé gbígbé lẹ́yìn ọgbà, gbogbo ìyẹn wà lọ́rùn òbí. Àti pé lọ́dọọdún ni a ń tún un bèèrè. Ọmọ tó gbà á ní ipele 100 tó wá jókòó tẹtẹrẹ ní ipele 200 kò ní rí nǹkan kan.

Ti owó oúnjẹ wá ńkọ́? ₦20,000 lóṣù ni, ó sì ń wọlé tààrà sí àkáǹtì ọmọ. Iye yìí kò tíì kúrò lójú kan láti 2024, ṣùgbọ́n ọjà kò dúró dè é. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, ó dúró, ó di ìgbà tí ọmọ bá tún bèèrè. Kì í sì í wọlé bí owó oṣù; oṣù kan lè wá lásìkò, kí òmíràn pẹ́. Ẹni tó bá fi ṣe ìpìlẹ̀ oúnjẹ rẹ̀ yóò jẹ gbèsè lọ́wọ́ ìyá onírẹsì. Kó jẹ́ owó dátà àti ẹ̀dà ìwé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò sísan padà, torí ibẹ̀ ni ìpinnu wà. Òfin sọ pé kí wọ́n má dààmú ẹnikẹ́ni títí di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí sìnrúùlú. Lẹ́yìn náà, agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ yóò máa san ìdá 10 èrè oṣooṣù. Ká ní owó ilé-ìwé ọmọ kan jẹ́ ₦150,000 lọ́dún, tó fi ọdún mẹ́rin yá a: ₦600,000. Bó bá ń gba ₦80,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ₦8,000 ni wọn yóò máa yọ, yóò sì fi oṣù 75 san án tán. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́fà ó lé oṣù mẹ́ta. Bó bá fi owó oúnjẹ kún un ní oṣù mẹ́wàá lọ́dún, ₦800,000 mìíràn dé: gbogbo rẹ̀ di ₦1,400,000, sísan rẹ̀ sì di oṣù 175. Ọdún mẹ́rìnlá ó lé oṣù méje! Lóòótọ́, owó oṣù yóò máa ga, náírà yóò sì máa fúyẹ́, èyí tó dára fún ẹni tó jẹ gbèsè tí kò ní èlé. Síbẹ̀, ẹ rí i pé owó oúnjẹ ló fi èyí tó ju ìdajì kún un. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ro ó dáadáa nìyẹn.

Ẹni tí kò bá ríṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì lè búra ní kóòtù pé òun kò níṣẹ́, òun kò sì ní owó tó ń wọlé, kí wọ́n fi kún àsìkò fún un. Bí ẹni tó yá a bá kú, òfin fàyè sílẹ̀ láti fagi lé gbèsè náà.

Ibo ni owó yóò ti máa wá? Àwọn aṣòfin jà lórí èyí nígbà tí òfin owó-orí tuntun wà níwájú wọn. Àbá tí ìjọba kọ́kọ́ gbé wá fẹ́ kí gbogbo owó ìdàgbàsókè tí iléeṣẹ́ ń san di ti NELFUND láti 2030, kí TETFund, àpò owó tó ń kọ́ ilé fún àwọn ilé-ìwé gíga ìjọba, sì jókòó láìrí nǹkan. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yarí, wọ́n sì ní ìdí: ẹ wo iye ilé ẹ̀kọ́ àti yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n kọ TETFund sí lára. Èyí tí Ààrẹ wá buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, ní kí iléeṣẹ́ san ìdá 4 èrè rẹ̀. Nínú owó yẹn, TETFund ń gba ìdá 50, NELFUND ìdá 15. Ìpín tó tọ́ ni lójú tèmi. Ẹ̀yáwó láti wọ kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ń jò kò wúlò.

Ohun tí wọn kò tíì tún ṣe ni ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé aládàáni. Ọmọ Ajayi Crowther University tó wà nínú ìlú Ọ̀yọ́ kò lè gbà á, bí òbí rẹ̀ tilẹ̀ tálákà ju ti ọmọ tó ń gbà á ní òdìkejì ìlú lọ, nítorí ilé-ìwé ìjọba nìkan ni òfin dárúkọ. Èmi kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu, torí owó ilé-ìwé aládàáni yóò gbé àpò náà mì. Àmọ́ wọ́n lè fi òdiwọ̀n sí iye tí ọmọ kan lè yá. Èyí tó kánjú jù ni gbèdéke ọjọ́ tí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ dá owó padà, pẹ̀lú ìtanràn.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé Àbújá, aṣojú Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ àti Oríire ni ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ti ìlú Ọ̀yọ́ ni aṣojú Afijió, Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́. Aṣojú ló ń gbé ìwé ẹ̀hónú síwájú Ilé Aṣojú-ṣòfin, tí ilé yóò wá fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú aráàlú. Ẹ kọ orúkọ ilé-ìwé, ọjọ́ tí ẹ bèèrè, ọjọ́ tí pọ́tàlì ní owó jáde, iye owó, àti ọjọ́ tí búsà gba lẹ́tà yín. Ẹ so ẹ̀dà gbogbo wọn mọ́ ọn, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.